Àǹtí Bírò Pupa àti Bàbá Ẹ̀yìn Ògiri

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí obìnrin kan ti ń jókòó sórí àga kan náà ní ilé ìtẹ̀wé kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìwé kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde, kí ó sì fi bírò pupa fa igi sí i. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe ń pè é ní Àǹtí Bírò Pupa, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Àmì tó yẹ kó wà lórí lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan tó di méjì, kò sí èyí tó lè sá pamọ́ fún un. Kì í sì í ṣe nínú ìwé nìkan. Bí ó bá ń dúró de ọkọ̀, yóò máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, yóò máa mi orí. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìwé ìkìlọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ bírò, ó tún un ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, inú ọkọ̀ ni. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí àga ni. Bí ó bá tún délé, àga mìíràn ti ń dúró dè é. Ara ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sì kà á sí, nítorí ẹni tó ń wo ìwé kì í wo dígí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, òjíṣẹ́ ọ́fíìsì kò wá síbi iṣẹ́. Máníjà sì ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ti kà tán wá bá òun lókè kíákíá. Àǹtí Bírò Pupa kó ìwé sí abẹ́ apá, ó gun àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn méjìlélógún péré ni. Nígbà tó dé òkè, ó la ẹnu láti kí máníjà, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó tún gbìyànjú, ohùn kò wá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Máníjà fò dìde. "Ta ló kú?"

Ó mi ọwọ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi fún un. Nígbà tí ohùn dé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àṣìṣe mẹ́rin ló wà ní ojú ewé kẹta, sà."

Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Dókítà fi bẹ́líìtì ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ dè é lápá, ó wò ó, ó tún un wò.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru díẹ̀," ni ó wí. "Kò tíì di ti oògùn, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ máa fi ara ṣiṣẹ́, ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́."

"Ṣé kí n máa bá ẹgbẹ́ ṣe é ni, àbí kí n máa dá a ṣe?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ẹ ò bá ní fi sílẹ̀ ni kí ẹ ṣe."

Ó rò pé ìdáhùn tó rọrùn ni. Kò mọ̀ pé ìdáhùn náà yóò gba òun ní oṣù mẹ́jọ.

Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ bá. Pápá ilé ìwé kan wà tí kò jìnnà sílé wọn, níbi tí àwọn bí ogójì èèyàn ti máa ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin tó ń darí wọn ga bí òpó iná, fèrè kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ó bá fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún ni wọn yóò yà. Bí ó bá fun ún lẹ́ẹ̀mejì, òsì ni. Bí ó bá wá fà á gùn, kí oníkálukú fò sókè ni.

Àǹtí Bírò Pupa dúró sí àárín gbùngbùn wọn, ó rò pé àárín èrò lèèyàn ti ń rí ibi sá pamọ́ sí. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo pápá yà sí ọ̀tún, òun nìkan yà sí òsì, ó sì forí sọ obìnrin kan tó tóbi jù ú lọ.

"Mọ̀mí aláṣọ búlúù, ọ̀tún o!" ni Ọ̀gá Fèrè pariwo. "Ọ̀tún ni ọwọ́ ìjẹun!"

Èèyàn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín rárá; obìnrin tó forí sọ gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì dì í lọ́wọ́ mú kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún wá àṣìṣe ẹlòmíràn, kò mọ bí wọ́n ti í gbé pẹ̀lú àṣìṣe tara rẹ̀. Ńṣe ló ń rí i bíi pé gbogbo ojú tó wà ní pápá ń kà á láti òkè dé ilẹ̀, tí wọ́n ń fa igi sí i lára. Bí fèrè bá ti dún, yóò kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn ará iwájú yà sí kí òun náà tó yà, nítorí náà gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe ló ń fi ìṣísẹ̀ kan pẹ́ ju tiwọn lọ.

Ó lọ ní Sátidé mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, ó ní ojú ọjọ́ ṣú. Ní ẹ̀karùn-ún, oòrùn ràn yòò, ó ní bàtà ń fún òun. Ní ẹ̀kẹfà, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ká ọwọ́ gbera.

"Kí ni ti òní?"

"Ẹ jẹ́ kí n ronú ná," ni ó wí.

Ọkọ rẹ̀ yìí, olùkọ́ ìṣirò ni, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tíṣà, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Yóò jẹun àárọ̀, yóò jẹ tọ̀sán, yóò jẹ tìrọ̀lẹ́, yóò sì tún jẹ èyí tí kò lórúkọ láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ ara tó sanra jẹ́ ẹ̀fẹ̀ fún un, nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kò ṣeé ṣe, ìyàwó rẹ̀ ní òun yóò máa dá a ṣe nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá wọn, ó ń gbé orúnkún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà nà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó.

"Orúnkún rẹ kò ga tó."

"Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ dùbúlẹ̀!"

"Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló ń rí orúnkún dáadáa."

Bó ṣe kó lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn nìyẹn. Ibẹ̀ ni tábìlì ìlọṣọ wà, àti fáànù tó ti kú tí Tíṣà ń sọ láti ọdún méjì pé òun yóò tún ṣe, àti àwọn páálí tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ sí. Àpótí pákó kan wà níbẹ̀ tí kò ga púpọ̀, tó lágbára bí ilẹ̀. Àpótí yìí ló ń gùn, tó ń sọ̀, tó ń gùn, tó ń sọ̀. Ó ń kà á sókè kó má baà ṣìrò: "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Bí ó bá ti ka ọgọ́rùn-ún, yóò sinmi, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀kùn yóò sì wà ní títì, kí Tíṣà má baà wá wọn orúnkún.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, iná ń jó nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, iná di ẹ̀yinná. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àpótí yẹn dà bí òkè lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tí kò ní jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń kà, tó rẹ̀ ẹ́, yóò fo nọ́ńbà kan. Kò sáà sẹ́ni níbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

"Ọ̀kànlá! Èjìlá! Ẹ̀rìnlá!"

Kò! Kò! Kò!

Ẹnì kan kan ògiri láti òdìkejì. Àǹtí Bírò Pupa dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lórí àpótí, ọ̀kan nílẹ̀. Ó mọ̀ pé ará ilé kejì ni, àti pé ariwo òun ló ń bí i nínú. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì jáde ní yàrá náà bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ aṣọ ìnura méjì sórí àpótí, ó ń tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tó dé àádọ́ta, ó kù díẹ̀ kí èémí tán, ó fò ó bọ́ sí ọgọ́ta. Kò! Kò! Kò! Ìkànkùn náà tilẹ̀ wá le ju ti àná lọ.

Ó sọ fún Tíṣà.

"Lọ bẹ̀ ẹ́," ni Tíṣà wí. "Aládùúgbò ẹni ni. Má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo."

"Ṣé kí n ra búrẹ́dì lọ?"

Tíṣà wò ó títí. "Ìyàwó mi, oníbúrẹ́dì ni bàbá yẹn. Ogójì ọdún ló fi ṣe búrẹ́dì. Ṣé wọ́n ń gbé omi lọ ta fún odò ni?"

Ọsàn ló wá gbé lọ. Ọdún méjì tí bàbá náà ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé lásán ló wà láàárín wọn. Ó mọ̀ pé àgbàlagbà ni, pé ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àti pé ọmọ rẹ̀ máa ń wá kí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó kan ilẹ̀kùn. Bàbá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àǹtí Bírò Pupa kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ariwo mi ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ forí jì mí, mi ò ní ṣe é mọ́."

"Ariwo wo?" ni bàbá wí. "Dìde, ìyàwó Tíṣà. Ariwo kọ́. O fo ẹ̀tàlá."

"Sà?"

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kan ògiri, o kúrò ní èjìlá, o bọ́ sí ẹ̀rìnlá. Èyí ọjọ́ kejì tiẹ̀ burú. O gbé gbogbo àádọ́ta sílẹ̀, o fò bọ́ sí ọgọ́ta! Ogójì ọdún ni mo fi ka búrẹ́dì sínú páálí. Ẹni tó bá fo ẹyọ kan lọ́dọ̀ mi, oníbàárà yóò dá a padà."

Ojú tì í débi tí ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé e mì. Òun! Òun tí máníjà ń fi yangàn! Bàbá arúgbó kan ló mú òun nínú àṣìṣe láti ẹ̀yìn ògiri. Ó wo ojú bàbá, ó rí i pé kò bínú. Ẹ̀rín kan yọ sí i lọ́fun láìròtẹ́lẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọsàn kan fi já bọ́ láti inú ọ̀rá, tó ń yí lọ sábẹ́ àga.

Bàbá wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó yọ̀ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun èjìká òsì rẹ̀ sì ṣẹ́. Egungun náà ti so padà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní bí kò bá ń gbé apá náà sókè lójoojúmọ́, yóò gan mọ́ ọn lára.

"Kò sì wù mí í ṣe," ni bàbá wí. "Bí n bá gbé e dé ibi àyà báyìí, yóò máa gbọ̀n. Ọmọ mi ní kí n máa lọ síbi tí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ń péjọ sí nílé ìwòsàn. Mo ní kí n lọ gbọ̀n lójú ta? Bí mo ṣe jókòó nìyẹn. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ ohùn rẹ lára ògiri: ení, èjì, ẹ̀ta. N kò mọ̀gbà tí apá mi dìde. Bí o bá kà, èmi á gbé e. Bí o bá wá fo nọ́ńbà, ìwọ ti dé òkè, èmi ṣì wà nísàlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n fi àdéhùn sí i. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Bírò Pupa yóò gun àpótí rẹ̀, yóò máa ka nọ́ńbà tó já gaara. Bàbá Oníbúrẹ́dì yóò máa gbé apá lódìkejì. Bí wọ́n bá pé mẹ́wàá, bàbá yóò kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí òun náà mọ̀ pé bàbá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kankan. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n, yóò gbọ̀n tẹ́rùn; ẹsẹ̀ tó bá ṣì, yóò ṣì bó ṣe wù ú.

Èyí gan-an ló bá a lára mu. Ó dá wà, kò sì dá wà. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó fẹ́ fìdí lélẹ̀, tí aago mẹ́fà bá fi ìṣẹ́jú méjì kọjá, yóò gbọ́ ìkànkùn.

"Orí ń fọ́ mi, Bàbá!" ni ó kígbe sí ògiri lọ́jọ́ kan.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?" ni ohùn bàbá dáhùn. "Ṣé ẹsẹ̀ náà ń fọ́ ọ?"

Tíṣà tó wà nínú pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti lọ rí ọ̀gá tí kò rójú rẹ̀," ni ó wí.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣe é báyìí. Kò pẹ́ tí síkẹ́ẹ̀tì tó ti ń fún un fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́ nídìí. Ó tún gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì máníjà lọ́jọ́ kan, ó dé òkè, ó sì kí i tohùn-tohùn.

Nígbà tó yá, ọmọ Bàbá Oníbúrẹ́dì wá, ó ní kí bàbá wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun, kó lè mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun. Bàbá wá dágbére, inú rẹ̀ dùn, ó gbé àpò rẹ̀ kékeré dání.

"Má fo nọ́ńbà o," ni ó wí lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́fà, Àǹtí Bírò Pupa gun àpótí. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Yàrá náà dákẹ́ lọ́nà tí kò dákẹ́ rí. Ó ka mẹ́wàá, ó dúró, kò sóhun tó kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí náà, ó ń wo fáànù tó kú. Lọ́jọ́ kẹta, kò wọ yàrá náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe kọjá nìyẹn. Kò bínú, ara kò sì ro ó. Ńṣe ni nǹkan náà kàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí atẹ́gùn gbé lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí i tí ọkùnrin kan wọ yàrá tí wọ́n ti ń ka ìwé níbi iṣẹ́, tó tẹrí ba kí orí má baà gbá férémù ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Fèrè ni. Kò sí fèrè lọ́rùn rẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó fẹ́ tẹ ìwé ìkéde fún ẹgbẹ́ eré ìdárayá, wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ gbé e fún Àǹtí Bírò Pupa.

"Ẹ̀yin mọ̀mí aláṣọ búlúù kọ́ nìyí?" ni ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, kò jọ ohùn tó mọ̀ ní pápá.

Ó gba ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí bírò ṣe ń lọ, tó ń fa igi, ó gbọ́ tí àga ń dún. Ó gbójú sókè. Òógùn ti bo iwájú orí ọkùnrin náà.

"Ó tó mélòó?" ni Ọ̀gá Fèrè béèrè.

"Mọ́kànlá."

"Háà! Nínú ojú ewé kan!" Ó nu ojú. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó wà níta rí i. Láti ilé ìwé ni mo ti bẹ̀rù bírò pupa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé yìí, oorun kò sì kùn mí lánàá nítorí pé ẹlòmíràn máa kà á."

Àǹtí Bírò Pupa gbé bírò kalẹ̀. Ó wo ọkùnrin gíga yìí tó ń fún fìlà rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, ó sì rántí ara rẹ̀ láàárín pápá.

"Ẹ fara balẹ̀," ni ó wí. "Èmi kì í wo ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń wò. Bí mo bá tún un ṣe tán, mo ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn."

"Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn ní pápá," ni ọkùnrin náà wí. "Kí ló dé tí ẹ ò wá mọ́?"

Kò purọ́ bàtà fún un, kò purọ́ òjò. Ó ní, "Ojú ń tì mí. Mo ń yà sí òsì."

Ọ̀gá Fèrè fi fìlà lé orúnkún. Ó ní, "Mọ̀mí, n ó sọ ohun tí n kì í sọ fún wọn. Èmi gan-an kò lè dá a ṣe. Bí ó bá ku èmi nìkan, n kò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí oòrùn yóò fi kanrí. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìdí tí mo fi kó àwọn èèyàn wọ̀nyẹn jọ nìyẹn, kí n lè ní ẹni tí yóò bínú sí mi bí n kò bá wá. Oníkálukú ló ń wá ohun tí yóò fi tan ara rẹ̀ dìde."

Ọ̀rọ̀ yìí bá Àǹtí Bírò Pupa délé. Ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń rò ó. Kí ni òun lè fi tan ara òun, nígbà tí kò sẹ́ni lẹ́yìn ògiri? Ó rántí pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ka ìwé, òun kò fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní àbọ̀ rí. Bí ilé ń jó, yóò ka ìlà tó gbẹ̀yìn kó tó sá jáde. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wọ yàrá kékeré, ó gun àpótí. Kò fi dandan mú ara rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní kí òun ṣe ọgbọ̀n péré, bí ìlà ọgbọ̀n tó wà lójú ewé kan, kó sì parí rẹ̀. Ó parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ojú ewé méjì. Lọ́jọ́ kẹta, àlejò dé, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú rédíò wọlé, ó sì rí i pé bí orin bá ń lọ, òun kò nílò kíkà rárá. Ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà òkè, ó ti mọ ọ̀nà ilẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ni. Àwọn mìíràn wà tí Tíṣà yóò kan ilẹ̀kùn pé ebi ń pa òun, ṣé òun náà máa jẹ rédíò ni?

Oṣù méjì pé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó wà lórí àpótí, rédíò ń kọrin, ó ń gùn, ó ń sọ̀. Kò! Kò! Kò!

Ó fò kalẹ̀. "Bàbá! Ẹ ti dé?"

"Láti ọ̀sán ni mo ti dé!" ni ohùn náà dáhùn. "Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, n kò gbọ́ ẹnu rẹ. Kí ló dé tí o kò kà?"

"Mo ti ń fi orin ṣe é báyìí, Bàbá. N kò nílò kíkà mọ́."

Ohùn òdìkejì wá rẹlẹ̀. "Èmi ṣì nílò rẹ̀," ni bàbá wí. "Ọmọ mi ń kà á fún mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kà bí ẹni tí wọ́n ń lé. N kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é."

Àǹtí Bírò Pupa na ọwọ́, ó pa rédíò. Ó padà sórí àpótí, ó gbé ohùn sókè, ó sì fà á bó ti yẹ kó máa lọ fún apá tó ti sinmi fún oṣù méjì. "Ení o. Èjì. Ẹ̀ta." Ìkànkùn ẹ̀wá kọ́kọ́ pẹ́ díẹ̀, ó dúró dè é. Ìkànkùn ogún yá ju ti ẹ̀wá lọ.

Báyìí, ó ń kà fún bàbá lọ́jọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó máa ń fi orin ṣe tirẹ̀. Nígbà tó padà lọ rí dókítà, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ dé ibi tí kò lẹ́rù mọ́, kó má ṣe fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Dókítà bi í pé ṣé ẹgbẹ́ ni àbí òun nìkan. Ó rò ó títí, ó ní òun kò mọ̀.

Ó ti padà sí pápá náà, ṣùgbọ́n Sátidé kan ló ń lọ, ó ń fo ọ̀kan. Ó ṣì ń yà sí òsì. Obìnrin títóbi tí wọ́n jọ forí gbárí lọ́jọ́ kìíní máa ń dúró sí ọwọ́ òsì rẹ̀ nísinsìnyí, ó sì máa ń na ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

Sátidé tó kọjá, Tíṣà ní òun yóò bá a rìn dé pápá, kí òun náà wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, Tíṣà ń ṣàlàyé nǹkan kan nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dé àárín, ọ̀rọ̀ náà gé. Ìyàwó rẹ̀ wẹ̀yìn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ti jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì.

"Tíṣà, kí ló ṣe yín?"

"Òkè yìí," ni ó wí, "wọn kò ṣírò rẹ̀ dáadáa."

Ó padà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó jókòó tì í. Fèrè ti ń dún ní pápá, kò yára. Nígbà tí èémí ọkọ rẹ̀ balẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ dìde, wọ́n sì jọ ń gun ibi tó kù lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò se oúnjẹ ọ̀sán.